Orí Keje: Kí Ló Ń Mú Kí Iṣan Súnkì, Kí Ló sì Ń Mú Kó Dẹ̀?

Ẹni tó bá ti tètè dé ọ̀dọ̀ alápatà rí láàárọ̀ kùtùkùtù á ti rí i: wọ́n ti pa màlúù, wọ́n ti gé orí rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ti bó awọ, síbẹ̀ ẹran itan tó wà lórí pákó ṣì ń gbọ̀n. Ibì kan á súnkì, á dẹ̀. Kó tó dẹ̀ tán, ibòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tún súnkì. Tó bá ṣe díẹ̀, ìgbọ̀n náà á dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá fi itan náà sílẹ̀ lódidi, kó tó di ọjọ́ kejì á ti le gbandi, oríkèé rẹ̀ kò ní ṣeé ká. Bí wọ́n bá tún fi í sílẹ̀ níbi tó tutù fún ọjọ́ mélòó kan, á rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ta ló ń pàṣẹ fún ẹran tí kò lórí mọ́? Kí ló sì mú un le nígbà tí kò sí ẹni tó fà á? Ìdáhùn wà nínú ìbéèrè tí orí yìí dá lé: kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí èèyàn pinnu láti gbé ẹsẹ̀ àti ìgbà tí iṣan ẹsẹ̀ náà súnkì? Fífà ni ojú ń rí, òun la sì sábà máa ń béèrè. Ṣùgbọ́n bí a bá ń tẹ̀ lé àṣẹ náà láti ibùdó kan dé èkejì, a ó rí i pé gbogbo ibùdó ló ní ohun tí ń pa àṣẹ náà rẹ́ lẹ́yìn tó bá ti jíṣẹ́. Ìpàrẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí ara wa gan bí igi.

Àṣẹ gbéra láti ẹ̀yìn

Iṣan tí à ń sọ níbí ni èyí tó so mọ́ egungun, tí a lè fi ìfẹ́ inú wa darí: ti apá, ti itan, ti ẹ̀yìn, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Iṣan ọkàn àti ti ìfun ní ìlànà tiwọn.

Ká ní ẹ fẹ́ ya àwọn ìka ẹsẹ̀ yín kúrò lára wọn. Èrò náà bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ, ó sọ̀kalẹ̀ gba inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan tó wà lókè ìbàdí díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì yìí ló ni àṣẹ ìkẹyìn. Ohunkóhun tí ọpọlọ bá fẹ́, bí sẹ́ẹ̀lì yìí kò bá gbà, iṣan kò ní mì. Fọ́nrán kan yọ láti ara rẹ̀, ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó lè gùn tó mítà kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ tí ara dì pọ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní nẹ́ẹ̀fù. Okùn ìjíṣẹ́ la ó máa pè é nínú ìwé yìí, kó má baà dàpọ̀ mọ́ iṣan tí ń ṣiṣẹ́ fífà.

Iná tó ń gba inú iyọ̀ rìn

Ní ìlú Bologna ní Ítálì, láàárín ọdún 1780 sí 1790, Luigi Galvani ṣàkíyèsí pé bí iná mànàmáná bá kan okùn ìjíṣẹ́ tó wà lára ẹsẹ̀ àkèré, ẹsẹ̀ náà á ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gé e kúrò lára àkèré. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1791. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé iná wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ṣòro ni láti mọ irú iná tó jẹ́, nítorí kò jọ èyí tó ń gba inú wáyà wọlé. Iná inú wáyà kò jẹ́ kí èèyàn kà á kó tó dé. Ti inú okùn ìjíṣẹ́ ń rìn ní nǹkan bí mítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi jẹ́ pé àṣẹ tó ti ẹ̀yìn gbéra máa ń lò tó ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìdí tó fi ń pẹ́ ni pé iyọ̀ ló ń gbé e. Inú omi tó yí àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa ká ni iyọ̀ sódíọ̀mù pọ̀ sí, òun kan náà tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì, pọtásíọ̀mù ló pọ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣèèṣì. Lára awọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni àwọn pọ́ńpù kékeré wà tí kì í sinmi: bí wọ́n bá ti sódíọ̀mù mẹ́ta síta, wọ́n á gba pọtásíọ̀mù méjì wọlé. Àbájáde rẹ̀ ni pé inú okùn ìjíṣẹ́ àti ìta rẹ̀ kò dọ́gba nínú agbára iná. Ìyàtọ̀ àárín wọn tó ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún fọ́ọ̀tì kan, èyí tó jẹ́ bí ìdá kan nínú ogún agbára òkúta tọ́ọ̀ṣì kan. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ awọ tó wà láàárín wọn tín-ín-rín débi pé agbára yẹn tó láti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Lára awọ kan náà ni àwọn ẹnubodè wà tí wọ́n máa ń wà ní títì. Bí agbára iná bá yí padà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnubodè sódíọ̀mù á ṣí, sódíọ̀mù á ya wọlé. Ìwọlé rẹ̀ á yí agbára iná ibi tó tẹ̀ lé e padà, ẹnubodè tibẹ̀ náà á ṣí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dé òpin okùn. Èyí la ó máa pè ní ìgbì iná. Ọ̀rá tó yí okùn náà ká ní ìpele ìpele, tó fi àyè sílẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ló ń jẹ́ kí ìgbì náà máa fò láti àyè kan sí èkejì. Láìsí ọ̀rá yìí, ìrìn rẹ̀ ìbá falẹ̀ púpọ̀.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, ló fi ojú rí bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Okùn ìjíṣẹ́ ènìyàn kéré jù láti fi ohun ìwọ̀n bọ̀ ọ́ nínú, wọ́n bá lọ wá ti ẹranko inú òkun tí wọ́n ń pè ní squid, tí fọ́nrán rẹ̀ lè nípọn tó mílímítà kan. Lọ́dún 1939, ní Plymouth, wọ́n ti ohun ìwọ̀n wọnú fọ́nrán náà, wọ́n sì wọn ìgbì iná láti inú. Ogun àgbáyé kejì dá iṣẹ́ náà dúró. Ọdún 1952 ni àlàyé rẹ̀ jáde ní kíkún, ọdún 1963 ni wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí nípa ìdádúró ìgbì náà ló kàn wá jù. Ẹnubodè sódíọ̀mù kì í dúró kí ẹnikẹ́ni wá ti òun. Kí ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó pé, ó ti ti ara rẹ̀, pọtásíọ̀mù á sì jáde láti mú agbára iná padà sípò. Fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnubodè yẹn kò ní gbà láti ṣí, ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí ìgbì iná fi ń lọ síwájú nìkan. Gbogbo ìgbì ló sì tóbi bákan náà: àṣẹ láti gbé abẹ́rẹ́ àti àṣẹ láti gbé àpò sìmẹ́ǹtì kò yàtọ̀ nínú ìtóbi ìgbì, ìyára tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì àti iye okùn tó ń gbé e ló yàtọ̀.

Àlàfo tí iná kò lè fò

Okùn ìjíṣẹ́ kì í kan iṣan. Bó ti wù kí wọ́n súnmọ́ra tó, àlàfo kan wà láàárín wọn tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà kan tí a pín sí ọ̀nà 20,000 lọ. Ibẹ̀ ni ìgbì iná parí sí.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi jiyàn lórí ohun tó ń sọdá àlàfo yìí. Lọ́dún 1921, ní ìlú Graz ní Austria, Otto Loewi ta okùn ìjíṣẹ́ kan tí ń mú kí ọkàn àkèré lọ́ra. Ó bu omi tó yí ọkàn náà ká, ó dà á sórí ọkàn àkèré mìíràn, èyí náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra láìsí ẹni tó fọwọ́ kan okùn rẹ̀. Ó hàn gbangba pé oje kan ti jáde sínú omi náà. Lọ́dún 1936, Henry Dale àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní London fi hàn pé oje kan náà ló ń jáde lẹ́nu okùn tí ń pàṣẹ fún iṣan egungun. Asẹtilikólíìnì ni orúkọ rẹ̀; àwa ó máa pè é ní oje ìjíṣẹ́.

Oje yìí wà nínú àwọn àpò kéékèèké tó kún ẹnu okùn náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ oje nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ìgbì iná bá dé ẹnu okùn, ẹnubodè mìíràn á ṣí, tí ń gba kálísíọ̀mù wọlé. Kálísíọ̀mù ló ń mú kí àpò lẹ̀ mọ́ awọ, kó sì tú ohun inú rẹ̀ sínú àlàfo. Bernard Katz, tó ṣiṣẹ́ ní London lẹ́yìn ogun, ló fi hàn pé oje náà kì í ṣàn, àpò àpò ló ń jáde. Kódà nígbà tí iṣan sinmi, àpò kan á tú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò tó láti mú iṣan súnkì. Ọ̀pọ̀ àpò ní láti tú lẹ́ẹ̀kan náà.

Lódìkejì àlàfo, lára awọ iṣan, ni àwọn ẹnubodè tí ń dúró de oje yìí wà. Ẹyọ oje méjì ní láti bà lé ẹnubodè kan kó tó ṣí. Bó bá ti ṣí, sódíọ̀mù á ya wọnú iṣan, ìgbì iná tuntun á sì gbéra lára iṣan fúnra rẹ̀.

Tí oje náà bá dúró síbẹ̀, iṣan kò ní gbọ́ àṣẹ kejì yàtọ̀ sí àkọ́kọ́. Nítorí náà, inú àlàfo yẹn gan-an ni ara gbé ẹ́ńsáìmù kan sí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gé oje ìjíṣẹ́ sí méjì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní agé-oje. Ó yára débi pé láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, oje tó jáde ti pòórá. Okùn ìjíṣẹ́ á kó apá kan nínú èyí tí wọ́n gé, á fi ṣe oje tuntun.

Ohun tí májèlé kọ́ wa

Àwọn ọdẹ inú igbó Amẹ́ríkà ti Gúúsù máa ń fi májèlé kan tí wọ́n ń pè ní curare sẹ́nu ọfà. Ẹran tí ọfà náà bá bà á rọ jọwọlọ, mímí rẹ̀ á sì dúró. Ní Paris, láàárín ọdún 1840 sí 1860, Claude Bernard fi í dán àkèré wò. Bó ṣe ta okùn ìjíṣẹ́ tó, ẹsẹ̀ kò mì. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi iná kan iṣan tààrà, ó súnkì dáadáa. Iṣan kò kú, okùn náà kò kú, ibi tí wọ́n ti pàdé ni nǹkan ti bà jẹ́. A ti mọ̀ lónìí pé curare máa ń jókòó sórí àwọn ẹnubodè tí oje yẹ kó bà lé.

Májèlé kejì ti ilẹ̀ wa níbí jáde. Ní Calabar àtijọ́, lẹ́bàá Cross River, àwọn Efik ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní esere. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn á jẹ ẹ́ tàbí kó mu omi rẹ̀: bó bá bì í, ó bọ́, bó bá kú, wọ́n gbà pé ó jẹ̀bi. Àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland kó ẹ̀wà náà ránṣẹ́ sí Edinburgh. Lọ́dún 1855, Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa májèlé, jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó rí i pé ara òun ń rọ, omi tó fi fá irùngbọ̀n ló gbé mu kó lè bì. Lọ́dún 1864, àwọn onímọ̀ ní Jámánì yọ ògidì ohun tí ń ṣiṣẹ́ náà nínú ẹ̀wà. Physostigmine ni wọ́n sọ ọ́.

Ní ọdún 1934, dókítà kan tó ń jẹ́ Mary Walker ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Alfege's ní Greenwich, ní London. Ó ń tọ́jú aláìsàn kan tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń já bọ́, tí iṣan rẹ̀ tètè ń rẹ̀. Myasthenia gravis ni wọ́n ń pe àìsàn náà, kò sì sí ìtọ́jú gidi fún un nígbà náà. Walker wò ó, ó rí i pé ó jọ ìṣesí ẹni tó jẹ curare. Wọ́n sì ti mọ̀ pé physostigmine máa ń borí curare. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ìpéǹpéjú náà sì là fún wákàtí mélòó kan. Ní àìsàn yìí, ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń ba ẹnubodè iṣan jẹ́, tí ìwọ̀nba díẹ̀ fi ń ṣẹ́ kù. Oògùn tó ti inú ẹ̀wà Calabar wá kò dá ẹnubodè kankan padà. Agé-oje ló ń dá lọ́wọ́ kọ́, kí oje lè pẹ́ nínú àlàfo, kó lè rí ìwọ̀nba ẹnubodè tó kù.

Bí agé-oje bá wá ṣíwọ́ pátápátá ńkọ́? Oje á kún àlàfo, iṣan á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, nígbà tó bá yá ẹnubodè kò ní dáhùn mọ́, iṣan á rọ, títí kan èyí tí ń gbé mímí. Ohun tó ń pa ẹni tó jẹ esere nìyẹn. Ohun kan náà ni oògùn kòkòrò bíi dichlorvos ń ṣe, tí wọ́n ń tà nínú ìgò kéékèèké lójú pópó ní orúkọ ọ̀tápíapíá. Ẹni tó bá gbé e mì, itọ́ rẹ̀ á máa dà, òógùn á bò ó, ihò dúdú àárín ẹyinjú á kéré, iṣan á máa gbọ̀n lábẹ́ awọ. Epo pupa àti mílíìkì kò lè jí agé-oje. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ kíákíá, kí wọ́n mú ìgò oògùn náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà. Kí wọ́n má sì fi ipá mú un bì.

Àká kálísíọ̀mù

Ìgbì iná ti dé orí awọ iṣan. Ṣùgbọ́n ohun tí ń fa nǹkan wà nínú lọ́hùn-ún, awọ nìkan kò sì lè súnkì. Báwo ni inú ṣe ń gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóde?

Awọ fọ́nrán iṣan rì wọ inú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi, ó di ihò tóóró tó já sí àárín gbùngbùn. Ìgbì iná ń bá àwọn ihò yìí wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan ni àwọn àpò pẹlẹbẹ wà tí iṣan ń kó kálísíọ̀mù pamọ́ sí. Àká kálísíọ̀mù la ó máa pè é. Pùrótéènì kan wà lára ògiri ihò náà tí ìrísí rẹ̀ ń yí padà bí agbára iná bá yí padà, ó sì fara kan ẹnubodè àká. Bí ìrísí tirẹ̀ bá yí, ẹnubodè àká á ṣí, kálísíọ̀mù á tú jáde, iye rẹ̀ nínú omi iṣan á sì fò sókè tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 1947, Heilbrunn àti Wiercinski ní Amẹ́ríkà gún oríṣiríṣi iyọ̀ sínú fọ́nrán iṣan àkèré tààrà. Sódíọ̀mù kò ṣe nǹkan, pọtásíọ̀mù kò ṣe nǹkan. Kálísíọ̀mù dé ibẹ̀, fọ́nrán náà súnkì lójú ẹsẹ̀. Ohun tí kálísíọ̀mù ń bá sọ̀rọ̀ ni ará Japan kan, Setsuro Ebashi, wá rí ní Tokyo láàárín ọdún 1960 sí 1965: pùrótéènì kan tó ń jẹ́ troponin, tí ń gbá kálísíọ̀mù mú. A ó rí iṣẹ́ rẹ̀ láìpẹ́.

Ìdádúró ibùdó yìí ni ó gbówó lórí jù títí di ìsinsìnyí. Kí iṣan tó lè dẹ̀, gbogbo kálísíọ̀mù yẹn ní láti padà sínú àká, níbi tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò ní fúnra rẹ̀ wọlé. Pọ́ńpù ló ń tì í wọlé, pọ́ńpù náà sì ń jẹ epo ara tí wọ́n ń pè ní ATP. Nínú iṣan tó ń ṣiṣẹ́, ohun tó tó bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ATP ló ń bá iṣẹ́ ìdápadà yìí lọ.

Ọwọ́ tó ń fà, ọwọ́ tó ń tú

Bí ẹ bá wo fọ́nrán iṣan lábẹ́ maikirosikópù, ìlà dúdú àti ìlà funfun ló ń tẹ̀ lé ara wọn láti òpin kan dé èkejì. Títí di nǹkan bí ọdún 1950, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé àwọn pùrótéènì inú rẹ̀ ń ká kò. Ní oṣù May ọdún 1954, àkọsílẹ̀ méjì jáde tẹ̀ léra nínú ìwé ìròyìn Nature: ọ̀kan láti ọwọ́ Andrew Huxley, ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí squid, àti Rolf Niedergerke, èkejì láti ọwọ́ Hugh Huxley, tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀, àti Jean Hanson. Ohun kan náà ni wọ́n rí: bí iṣan ṣe ń súnkì, ìlà funfun ń dín kù, ṣùgbọ́n ìlà dúdú kì í yí padà. A jẹ́ pé kò sí ohun tó ń ká kò. Fọ́nrán kéékèèké oríṣi méjì ló ń yọ́ wọnú ara wọn. Èyí tó nípọn ń jẹ́ myosin, òun ló wà nínú ìlà dúdú. Èyí tó tín-ín-rín ń jẹ́ actin.

Ẹ wo ẹni tó ń fa omi nínú kànga jíjìn. Okùn tó ń fà kò kúrú sí i. Ọwọ́ kan á dì í mú, á fà á. Kó tó tú u sílẹ̀, ọwọ́ kejì á ti dì í mú nísàlẹ̀. Bí ọwọ́ méjèèjì bá tú lẹ́ẹ̀kan náà, garawa á já padà. Bí ọwọ́ méjèèjì bá kọ̀ láti tú, garawa á dúró sójú kan, kò ní wá sókè, kò ní padà sísàlẹ̀. Actin ni okùn. Ara myosin ni ọwọ́ yọ sí, nǹkan bí 300 lára ẹyọ kan, wọn kì í sì í tú lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí iṣan sinmi, pùrótéènì gígùn kan bo gbogbo ibi tí ọwọ́ lè dì mú lára actin. Troponin ló ń dá a dúró síbẹ̀. Bí kálísíọ̀mù bá ti jáde láti inú àká, tí troponin gbá a mú, ìbòrí náà á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ myosin á dì í mú, á sì fà. Fífà kan kò ju mílímítà kan tí a pín sí ọ̀nà 100,000 lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì ń fà léraléra. Ẹ̀ka kan, láti ojú ìlà kan sí èkejì, gùn tó mílímítà kan tí a pín sí 400. Nínú fọ́nrán iṣan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ tó 40,000 ní ìlà kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dín kù ní ìdá kan péré nínú márùn-ún, gbogbo rẹ̀ á kúrú ní sẹ̀ǹtímítà 2. Nínú apá, èyí tó láti gbé ọwọ́ sókè dáadáa.

Ibo ni ATP wà nínú èyí? Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ìgbà tí ọwọ́ fẹ́ fà ni ó ń jẹ epo. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni pé ọwọ́ tó ti fà tán ti lẹ̀ mọ́ actin pinpin, kò sì lè tú àfi bí ATP tuntun bá bà lé e. Ìgbà tó bá tú tán ló ń fọ́ ATP náà, tó ń fi agbára rẹ̀ na ara rẹ̀ padà sípò, tó wá ṣe tán láti tún dì í mú. Ìtúsílẹ̀ ló ṣáájú, agbára fífà wá tẹ̀ lé e.

Ẹran tó gbọ̀n, ẹran tó le

Ó ti yé wa wàyí ìdí tí ẹran orí pákó fi ń gbọ̀n. Màlúù ti kú, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì iṣan rẹ̀ kò tíì kú. Sódíọ̀mù ṣì wà lóde, pọtásíọ̀mù ṣì wà nínú, ATP ṣì kù nínú fọ́nrán. Ọ̀bẹ gé okùn ìjíṣẹ́, ó gé awọ sẹ́ẹ̀lì, iyọ̀ sì ń jò gba ibi tó gé wọlé. Jíjò yẹn tó láti ṣí ẹnubodè, ìgbì iná á gbéra, fọ́nrán á súnkì. Kò nílò orí, kò nílò ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ wá mọ́, ATP ń tán lọ. Pọ́ńpù àká kò rí epo, kálísíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í jò jáde, ìbòrí actin yẹ̀, ọwọ́ myosin dì í mú. Wọn kò wá rí ATP tí wọn ó fi tú. Bí gbogbo ọwọ́ inú gbogbo ẹ̀ka ṣe dì mọ́ okùn tiwọn láìtú nìyẹn, tí itan fi le gbandi. Bákan náà ló rí lára òkú ènìyàn, tí ara rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le láàárín wákàtí mélòó kan. Kì í ṣe pé ọwọ́ tú níkẹyìn tí ẹran fi rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan: àwọn ẹ́ńsáìmù inú ẹran ló ti ń gé pùrótéènì wẹ́wẹ́. Ìdí nìyí tí ẹran tí wọ́n jẹ́ kó sùn níbi tó tutù fi rọrùn láti jẹ.

Ẹ tún wo àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì. Kòkòrò rẹ̀ ń gba ojú ọgbẹ́ tó dọ̀tí wọlé, tàbí ìwọ́ ọmọ tuntun tí wọ́n fi abẹ ìdọ̀tí gé. Oró rẹ̀ ń gba inú okùn ìjíṣẹ́ gòkè lọ sí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn. Níbẹ̀, kì í ta sẹ́ẹ̀lì tí ń pàṣẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń sọ fún un pé ó tó ló ń pa lẹ́nu mọ́. Kò sí ẹni tó ń dá àṣẹ dúró mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á há, ẹ̀yìn á tẹ̀ kọ́rọ́. Iṣan onítọ̀hún kò ní àìsàn kankan.

Okùn kan, fọ́nrán mélòó?

Ìgbì iná kan ṣoṣo á mú kí iṣan súnkì lẹ́ẹ̀kan, kó dẹ̀, kíá ló sì ń parí. Bí ìgbì kejì bá dé kí kálísíọ̀mù tó padà sínú àká tán, ìsúnkì kejì á gorí àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ léra kíkankíkan, iṣan á fà gan-an láìdẹ̀ rárá. Ọ̀nà kan nìyí tí ara ń gbà fi kún agbára.

Ọ̀nà kejì ni iye okùn tó ń gbọ́ àṣẹ. Nínú iṣan tí ń yí ẹyinjú, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn kan lè má darí ju fọ́nrán iṣan mẹ́wàá tàbí ogún lọ, torí iṣẹ́ ibẹ̀ gba ìfarabalẹ̀. Nínú iṣan ẹ̀yìn ojúgun, sẹ́ẹ̀lì kan lè darí ẹgbẹ̀rún fọ́nrán tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ bá rọrùn, sẹ́ẹ̀lì tó ń darí fọ́nrán díẹ̀ ni ara ń kọ́kọ́ pè. Bó bá ń le sí i ló ń pe àwọn ńlá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin á rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tí òun lè gbé ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ apá rẹ̀ kò tíì nípọn. Ara ti kọ́ láti pe àwọn okùn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iye fọ́nrán yìí ló ṣàlàyé ohun tí rọpárọsẹ̀ ń ṣe. Kòkòrò àrùn náà kì í bá iṣan jà; sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ló ń pa, àwọn fọ́nrán iṣan tí sẹ́ẹ̀lì náà ń darí á sì di aláìlólúwa. Ọmọ kan lè padà rìn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn òbí rẹ̀ á sì rò pé sẹ́ẹ̀lì tó kú ti jí. Kò jí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù ló na ẹ̀ka tuntun sí àwọn fọ́nrán tó di aláìlólúwa, tí ọ̀kan wá ń darí iye tí ọ̀pọ̀ ń darí tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù August ọdún 2020, wọ́n kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú kòkòrò rọpárọsẹ̀ tí kì í ṣe ti inú àjẹsára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ní in rí ṣì wà láàárín wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di àgbà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé ẹsẹ̀ tí òun ti ń fi rìn láti kékeré tún ti ń di aláìlágbára, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀lẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ẹrù àwọn mìíràn ló ń rẹ̀. Eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, tí ìsinmi wà láàárín rẹ̀, lábẹ́ ojú oníṣègùn, ló tọ́ sí i.